Bákónì Ẹ̀yìn Nílé Ajẹ́ńtì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Oyèkúnlé ṣe gbajúmọ̀ tó ní Ìlaròó kí ìjọba tó ti bọ́dà, àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ni kó lọ wò. Sìmẹ́ńtì orí rẹ̀ ti jẹ láàárín, ó tẹ̀ kòtò bí ojú abọ́, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ń gùn ún láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ajẹ́ńtì ni Oyèkúnlé ní Ìdí-Ìrókò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ọlọ́jà kọ ìwé ẹrù, kó bá a dúró níwájú àwọn aṣọ́bodè, kó sì máa bá a fà á títí ẹrù yóò fi kọjá. Ọdún méjìlélógún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wá ń ṣe é bíi pé òun gan-an ni bọ́dà, pé bí òun kò bá tíì wọ bàtà láàárọ̀, kò sí ohun tó lè ti Kùtọnu wọ Nàìjíríà.

Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, bákónì méjì ló sì wà níbẹ̀. Ti iwájú kọjú sí títì. Níbẹ̀ ni Oyèkúnlé gbé àga onítìmùtìmù rẹ̀ sí, níbẹ̀ ló ti máa ń jókòó tòun ti fìlà, tí yóò máa dá àwọn tó wà nísàlẹ̀ lóhùn kí wọ́n tó kí i tán. "Sáfà? Sáfà byẹ́ẹ̀ǹ!" Faransé tó gbọ́ kò ju ìyẹn, "bonswáà" tí wọ́n fi ń kíni nírọ̀lẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń sọ pé kí ènìyàn ní sùúrù lọ, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń sọ ọ́ lè mú kí àlejò rò pé Pàrísì ló ti kàwé. Bákónì ẹ̀yìn ní tirẹ̀ so mọ́ ilé ìdáná. Wọ́n ń sá aṣọ síbẹ̀, wọ́n ń kó ìgò òfìfo síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ìyẹn.

Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti bọ́dà pa.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ni Oyèkúnlé wí fún gbogbo ẹni tó béèrè. "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Àwọn ọlọ́jà ló kọ́kọ́ dẹ́kun àtẹ̀gùn gígùn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó máa ń wá bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan. Àwọn tó kàn máa ń yà kí i tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, tí wọ́n tún ní a kò gbọdọ̀ gbé epo wá sí ìlú tó bá sún mọ́ bọ́dà mọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó gun àtẹ̀gùn náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ẹni tó ń ka mítà iná. Oyèkúnlé ní kó jókòó. Ọkùnrin náà ní òun ń kánjú.

Obìnrin tí kò lariwo ni Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Caleb. Ọmọ àgbẹ̀ Ìjoùn ni, tíṣà sì ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Caleb ọmọ wọn ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ kan tí Àpèkẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá Mẹ̀dínátù tó ń gbé ìsàlẹ̀ ké sí i láti ìdí elégédé tó gbìn sí ẹ̀yìn ilé.

"Ìyá Caleb, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ó ń yọ òdòdó, òdòdó ń já bọ́. Kò so ẹyọ kan. Àbí ẹnì kan ń ṣe mí ni?"

Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó yí òdòdó kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Kò sẹ́ni tó ń ṣe yín, Màmá. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ìró oyin?"

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Oògùn tí wọ́n ń fín sóko káàkiri ti lé wọn. Akọ òdòdó kò lè rìn lọ bá abo, oyin ló ń bá wọn gbé e."

"Áà! Alárinà!"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àpèkẹ́ mú ọ̀bẹ, ó jókòó ti àwọn kẹ́ẹ̀gì tí ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀ sí. Oyèkúnlé gbọ́ ìró ọ̀bẹ, ó sáré jáde.

"Kẹ́ẹ̀gì mi! Ìyá Caleb, kẹ́ẹ̀gì mi rè é o!"

"Ẹ̀yin náà ẹ gbé ọ̀kan jáde sí títì, kí a wò ó. Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ yín, wọ́n á ní ẹ ń gbé epo lọ Kùtọnu."

Nígbà tí Oyèkúnlé gbọ́ pé nǹkan ló fẹ́ gbìn sínú wọn, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀fọ́ wo ni obìnrin tó gba ìwé ẹ̀rí fẹ́ máa gbìn sórí pẹtẹ́ẹ̀sì. Ó ní kí wọ́n kúkú kó ewúrẹ́ wá síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, nítorí pé ó ti ṣe díẹ̀ tó ti rí ohun tó lè fi rẹ́rìn-ín.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá ni Àpèkẹ́ gé. Ó fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ títí òórùn epo fi kúrò, ó dá wọn lu nídìí, ó bu ilẹ̀ sí wọn. Ó gbin èfìnrìn, ó gbin ìṣápá àti ilá, ó gbé ẹ̀ka ewúro méjì sí igun, ó sì lọ wú jógbó létí ọ̀nà oko, èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ. Àwọn tó gbin èfìnrìn fún ọbẹ̀ máa ń já orí rẹ̀ bó bá ti fẹ́ yọ òdòdó, kí ewé rẹ̀ lè pọ̀. Àpèkẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó tanná funfun báláú. Ó wá bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ, ó to òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí oyin tó bá wá mumi lè rí ibi tẹsẹ̀ sí, kó má baà rì.

Wọ́n wá. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ dé, bí ẹni tó wá wo ilé tó fẹ́ háyà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ju ohun tí ènìyàn lè kà lọ. Inú ihò igi kan lẹ́yìn ilé ìwé míṣọ́nnì àtijọ́ ni wọ́n ti ń wá, agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n sì máa ń dé, bíi pé ẹnì kan lu agogo fún wọn. Kí oṣù kejìlá tó parí, elégédé Màmá Mẹ̀dínátù so mọ́kànlá. Ó gbé ọ̀kan sórí, ó sì rìn yí àdúgbò po pẹ̀lú rẹ̀ bíi pé òun ló lóyún rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ ṣe padà sórí àtẹ̀gùn nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí Oyèkúnlé kọ́kọ́ gbọ́ ìró bàtà tó ń gòkè bọ̀, ọkàn rẹ̀ fò fẹ̀rẹ̀. Ó de fìlà. Ó fi ọwọ́ nu apá àga. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló yọjú.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ibí ni ilé oyin?"

"Ilé Ajẹ́ńtì nìyí," ni Oyèkúnlé wí, ó sì dúró kí orúkọ náà ṣe iṣẹ́ tó máa ń ṣe.

"Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní ìyá oyin wà lórí òkè."

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn. Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn dé, lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn. Àwọn kan ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ èfìnrìn, àwọn kan fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gé kẹ́ẹ̀gì, àwọn kan kàn fẹ́ wò. Gbogbo wọn ló ń kí Oyèkúnlé. Wọn kò fi ìkíni dù ú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í dúró bí wọ́n ṣe ń kí i.

Nígbà tó tún wá di ọjọ́ Sátidé kan, tó rí Bàrúwà tó ń ti mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀, ó mọ̀ pé àlejò tòun dé. Bàrúwà ló ti ń bá a kó ẹrù láti Ìdí-Ìrókò fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Bàrúwà! O wá wò mí!"

"Mo wá wò yín, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé àlàáfíà ni?" Bàrúwà jókòó, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ sòkòtò rẹ̀. Ó béèrè ọ̀rọ̀ bọ́dà. Oyèkúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ti dé ibi tí òun ìbá ti gba ìjọba nímọ̀ràn ká ní wọ́n bi òun, nígbà tí Bàrúwà yọ ọ̀rá kan nínú àpò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú tí mo gé yín lẹ́nu. Ìyàwó mi ló rán mi. Ó ní bí n kò bá gba jógbó àti èfìnrìn lọ́wọ́ ìyá oyin, kí n má padà wálé."

Oyèkúnlé kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà tán. Kò tíì jowú ọkùnrin kankan nítorí ìyàwó rẹ̀ rí. Ó ti ń wò ó bí ohun tó wà nílé, bíi tábìlì tó dára. Owú tó dé bá a yìí kò ní orúkọ tó lè fi pè é, nítorí kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ gba Àpèkẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àpèkẹ́ ló gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá jókòó níwájú, tí oyin kan bá ti orí títì fò bọ̀, yóò máa wò ó. Oyin náà kò ní bà lára rẹ̀, kò ní bà lára àga. Orí fìlà rẹ̀ ló máa gbà, tààrà, ó di ẹ̀yìnkùlé. Àní àwọn oyin náà!

"Ilé yìí ti di gárèjì," ló wí.

"Ó ti pẹ́ tó ti di gárèjì, Bàbá Caleb," ni Àpèkẹ́ dá a lóhùn. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè.

Nínú oṣù kìíní ọdún 2020 ni Toheebat pe Àpèkẹ́ láti Àgọ́ṣáṣá. Òun ni olórí àwọn obìnrin àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń gbin elégédé àti ẹ̀gúsí. Òdòdó ń já lóko tiwọn náà. Ó ní àwọn fẹ́ wá wo bákónì náà lọ́jọ́ Sátidé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ òtítọ́ ni, wọn yóò máa mú Ìyá Caleb wá sọ́dọ̀ wọn ní Sátidé méjì-méjì lóṣù, láti kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò fi dúdú pe funfun fún un: ẹnì kan ti ta oògùn omi pupa fún wọn lọ́dún tó kọjá, ó ní ó ń mú elégédé so. Àwọn kò tún ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn fẹ́ fi ojú rí oyin. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á lọ bá ọkùnrin kan ní Ọ̀tà tó ní ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ oyin.

Àpèkẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. "Bàbá Caleb," ló wí, "ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ àwọn tí òbí wọn fi túláàsì kó wá. Ìgbà àkọ́kọ́ rè é tí ẹnì kan fúnra rẹ̀ máa wọkọ̀ wá nítorí ohun tí mo mọ̀."

Oyèkúnlé gbọ́. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ilé ìdáná lo máa kó wọn gbà? Àlejò láti Àgọ́ṣáṣá, kí wọ́n máa fo ìkòkò kọjá?"

"Ibẹ̀ ni òdòdó wà."

"Àlejò, iwájú ni wọ́n ń gbà á."

Àpèkẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Lówùúrọ̀ Sátidé, nǹkan bí aago mẹ́jọ, ó lọ sí gárèjì láti lọ pàdé wọn. Bó ṣe yí kọ́nà ni Oyèkúnlé bọ́ ẹ̀wù.

A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn. Kò ní in lọ́kàn láti ba iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ jẹ́. Ó dá a lójú pé ńṣe lòun ń ràn án lọ́wọ́, bó ṣe ń dá a lójú pé ọ̀sẹ̀ méjì ni bọ́dà yóò lò. Ẹrù ni, ó sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ẹrù láti ibi tó wà sí ibi tí àwọn ènìyàn yóò ti rí i. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́, gíga lẹ́yìn, kúkúrú níwájú, bí ẹrù tí aṣọ́bodè fẹ́ yẹ̀ wò, ó sì gbé àga rẹ̀ sáàárín. Ó wẹ̀. Ó wọ agbádá aláwọ̀ aró tó dúdú jù nínú àpótí rẹ̀, ó sì tú lọ́fíńdà sí ọrùn, sí àyà, sí ẹ̀yìn etí, títí aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ fi sín.

Agogo mẹ́wàá kù díẹ̀ ni Àpèkẹ́ mú àwọn obìnrin mẹ́fà gun òkè. Ilé ìdáná ló mú wọn gbà. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Bákónì ẹ̀yìn ṣófo. Kò sí ju òrùka ẹrẹ̀ mẹ́rìnlá lọ lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí ìdí kẹ́ẹ̀gì ti wà. Lókè àwọn òrùka náà, oyin ń fò yí po nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń gòkè, bí ẹni tó wọ ilé rẹ̀ tí kò bá ẹrù rẹ̀ níbẹ̀.

Kí Àpèkẹ́ tó lè la ẹnu, ohùn kan ké láti iwájú. "Ẹ máa bọ̀ níbí o, ẹ̀yin ìyá wa! Bonswáà! Ibí ni!"

Òwúrọ̀ ni, ṣùgbọ́n "bonswáà" ló dùn lẹ́nu jù. Baálé ilé ló ń pè, àwọn obìnrin náà yí padà, wọ́n lọ. Àpèkẹ́ dúró síbi tó wà.

Oyèkúnlé dìde láàárín òdòdó. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Òótọ́ ni pé ẹnì kan fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni. "Ṣùgbọ́n mo wò ó, mo ní, kí ni oyin? Ajẹ́ńtì ni! Ó ń gba ẹrù níhìn-ín, ó ń gbé e kọjá sọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ sì nìyẹn."

Toheebat, obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ tó ti ọkùnrin mẹ́ta, nawọ́ sí òdòdó kan. "Bàbá, kí ni wọ́n ń pe eléyìí?"

"Ìyẹn?" Oyèkúnlé wo òdòdó náà. "Àwọn ará Kùtọnu ló mú un wá. Wọ́n ń pè é ní... fílọ̀ọ̀."

"Jógbó nìyẹn, Bàbá. Ó kún ẹ̀yìn ṣáláńgá wa."

Àwọn yòókù ṣe bí ẹni tó ń húkọ́. Toheebat kò rẹ́rìn-ín. Ó wo èfìnrìn, ó wo ìṣápá, ó tẹ orí sílẹ̀, ó tẹ́tí.

"Bàbá, oyin dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Ìgbà wo?"

Gbogbo ohun tí Oyèkúnlé ti ń sọ láti oṣù kẹjọ gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ní ọ̀sẹ̀ méjì. "Láìpẹ́," ló wí. "Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn tú itọ́ sí ẹ̀gbẹ́. "Olómi pupa náà ní ó ń bọ̀."

Toheebat gbé báàgì rẹ̀ há abíyá. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Òdòdó yín dára. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ wá ọkọ̀ Ọ̀tà."

Ìgbà yẹn ni Àpèkẹ́ jáde sí wọn. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì èfìnrìn kan mọ́ àyà. "Ẹ̀gbọ́n Toheebat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi. Kò ní pẹ́."

Wọ́n tẹ̀ lé e gba inú ilé ìdáná kọjá, wọ́n ń fo ìkòkò. Àpèkẹ́ jáde sí bákónì ẹ̀yìn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì náà. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tí oyin fi dà bò ó. Wọ́n bà sórí òdòdó funfun náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń mì lábẹ́ wọn. Ó rọra gbé e sórí òrùka ẹrẹ̀ rẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

"Ẹ wò ó," ló wí, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ni ní kíláàsì. "Oyin kò mọ kẹ́ẹ̀gì. Ibi tí wọ́n ti jẹun lánàá ni wọ́n mọ̀, àti àkókò tí wọ́n jẹ ẹ́. Ibi yẹn náà ni wọ́n wá lónìí, tí wọn kò bá nǹkan kan, tí wọ́n ṣì ń wá a kiri. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbìn fún wọn, ẹ kọ́kọ́ yan ibi. Ẹ yan ibi tí oòrùn ń dé, tí èéfín kò dé. Tí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀, ẹ má ṣe ṣí i nípò mọ́."

Toheebat gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ará wa," ló wí fún àwọn tirẹ̀, "ẹ lọ gbé ìyókù wá kí n fojú rí i dáadáa."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn, bí ọ̀kan bá ti ń jáde sí ẹ̀yìn ni oyin ń pàdé rẹ̀ lọ́nà, tí àwọn obìnrin ń ké "Yéè!" tí wọ́n tún ń sáré padà lọ gbé òmíràn. Ìpàdé náà ti wá dùn ju ohun tí ẹnikẹ́ni ṣètò lọ. Oyèkúnlé nìkan ló kù níwájú, láàárín àga rẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì ìkẹyìn, tó ń gbọ́ ẹ̀rín tí kò sí nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, òun náà sì gba ilé ìdáná.

Kẹ́ẹ̀gì èfìnrìn tó tóbi jù ni. Bó ṣe yọ sí bákónì, oyin wá bá a. Àwọn kan bà sórí òdòdó, àwọn kan ń gbóòórùn agbádá dúdú náà, lọ́fíńdà náà kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn rárá.

"Ẹ má mira," ni Àpèkẹ́ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òórùn yín ló ń bí wọn nínú. Ẹ má gbé e sílẹ̀, ẹ má nawọ́. Ẹ dúró."

Ó dúró. Àwọn obìnrin mẹ́fà yí i ká. Òógùn ń ṣàn sí i lójú, oyin kan ń rìn lọ lápá agbádá rẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà, kò sì lè ṣe ju kó máa wo iwájú lọ. Láti oṣù kẹjọ, kò tíì sí ìgbà tí àwọn ènìyàn tó pọ̀ tó báyìí wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ẹ wá wo eléyìí lórí òdòdó yìí," ni Toheebat ń wí, ó ń tọ́ka sí abẹ́ àgbọ̀n Oyèkúnlé. "Ẹ wò ó bó ṣe di nǹkan pupa mọ́ ẹsẹ̀. Bàbá, ẹ ṣeun o, ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i. Tábìlì kò lè ṣe é tó báyìí."

Ó gbé e sókè díẹ̀ sí i. Ọ̀kan ta á létí. Ó ké "Oró!" ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì kò bọ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Toheebat àti Àpèkẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àpèkẹ́ jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń fi omi tútù pa etí rẹ̀ tó ti wú bí àkàrà.

"Ẹ ní 'mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí'."

"Ẹnu ló ṣì mí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbọ́ 'mo' láti ilé ìdáná."

Ohùn Oyèkúnlé ti kéré. "Àpèkẹ́, iwájú mi ni wọ́n ń gbà kọjá. Ojoojúmọ́. Wọ́n ń kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́dẹ ẹnu géètì, wọ́n á sì kọjá."

"Mo mọ̀," ni Àpèkẹ́ wí. Ó tún aṣọ náà rì sínú omi. "Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi kí èmi náà bẹ́ẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná."

Nígbà tí Sátidé àkọ́kọ́ dé, tí wọ́n ń di kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ tó ní ọmọ òdòdó nínú sẹ́yìn mọ́tò Bàrúwà, tí wọ́n sì gbé ìkẹsàn-án síwájú, Oyèkúnlé ní òun yóò bá wọn lọ, nítorí kò sí ẹni tó mọ ojú ọ̀nà náà tó òun. Àpèkẹ́ wò ó. "Ẹ lè bá wa lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ọ̀hún, ẹ ò ní ṣàlàyé nǹkan kan."

Wọ́n kọjá Owódé. Níbi kan tí wọ́n ti fi igi dí ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká dá wọn dúró. Ó rí kẹ́ẹ̀gì, ojú rẹ̀ le.

"Epo ni?"

"Èfìnrìn ni," ni Bàrúwà dáhùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọjú wo ẹ̀yìn, ó yọjú wo iwájú, ojú rẹ̀ sì tú ká. "Háà! Ajẹ́ńtì! Ẹ̀yin rè é! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹrù yín ni?"

Oyèkúnlé mọ̀ pé bí òun bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò gbé igi kúrò lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbóná, ó dùn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè, láàárín títì, létí ìyàwó rẹ̀. Àpèkẹ́ ń wo iwájú gíláàsì, kò yí ọrùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún béèrè.

"Ajẹ́ńtì, mo ní ṣé ẹrù yín ni?"

"Rárá," ni Oyèkúnlé wí. "Ti ìyàwó mi ni. Òun ló ń gbìn ín. Ó ń lọ kọ́ àwọn ènìyàn ní Àgọ́ṣáṣá."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ orí wo inú ọkọ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni ìyá oyin? Màmá mi ní Ìlóbì kò jẹ́ kí n gbádùn, ó ní kí n bá òun wá yín rí." Ó nàró, ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ gbà! ó sì gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fìlà. "Ẹ máa lọ, mà."

Wọ́n gbé igi. Ọkọ̀ rìn. Oyèkúnlé yí ọrùn padà wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà títí eruku fi bò ó.

"Ó kí ọ," ló wí.

"Mo rí i."

"Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ó tún gbọ́wọ́ sókè."

"Mo rí i, Bàbá Caleb."

"Láti ìgbà tí mo ti ń gba ibí," ni Oyèkúnlé wí, "kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Bàrúwà bú sẹ́rìn-ín, ó lu ìdarí ọkọ̀. Àpèkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọkọ òun di kẹ́ẹ̀gì tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa, ọ̀nà tó kù kò dára.